Bí Mo Ṣe Wọ Inú Àpótí Tí Kò Jí, Tí Mo sì Bá Kẹ́hìndé Jẹ Gúgúrú

Ẹ fi ìdí lélẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin ará Òkè-Àfọ̀n, ọkùnrin yín àti obìnrin yín. Ẹni tí ó bá ń wúkọ́, kí ó wú u tán nísinsìnyí. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ tòògbé, kí ó lọ tòògbé ní ilé àwọn àna rẹ̀, nítorí ìtàn tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí a ń fi etí kan gbọ́. Èmi ni Ọdẹ́tọ́lá ọmọ Ọdẹ́yalé, èmi tí ẹfọ̀n pàdé nínú igbó Àlàpà tí ó kọ́kọ́ kí mi kí ó tó sá. Mo ti bá iwin jà, mo ti bá ọ̀rọ̀ pín ẹran, mo sì ti fi òjòlá rọrí láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, tí mo rò pé gbòǹgbò igi ni. Gbogbo ìyẹn ni ẹ ti gbọ́. Èyí tí ẹ kò tíì gbọ́ ni ti igbó tí ó wà nínú àpótí kan ní pálọ̀ Olúọdẹ wa tí ó ti lọ. Ní ojú ẹni tí ó bá dúró lóde, igbó náà kò fẹ̀ ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ṣùgbọ́n èmi rìn nínú rẹ̀ títí bàtà mi fi dá lu.

Ẹ mọ Olúọdẹ Ọdẹ́gbèmí. Ẹ mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn ní ilẹ̀ yìí tí ó lè sun ìrèmọ̀jé ìdílé wọn, nítorí pé àwọn àgbà tí wọ́n jọ mọ̀ ọ́n ti ṣíwájú, àwọn ọmọ sì ti bá ìwé lọ sí ìlú ńlá. Ìrèmọ̀jé ni orin tí àwa ọdẹ fi ń sin òkú ọdẹ jáde kúrò láàrin wa. Ní ìlú tiwa, bí a kò bá sun ti ìdílé ọdẹ fún un ní ọjọ́ ìṣípà rẹ̀, ọjọ́ tí a ń yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ ọdẹ, kò ní kúrò lọ́dọ̀ wa, kò sì ní dé ọ̀dọ̀ àwọn tọ̀hún. Yóò dúró ní ìkóríta bí èrò tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Ìbọn rẹ̀ kò ní kúrò lára ògiri. Aya rẹ̀ kò ní di irun, kò sì ní bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ títí tí òun náà yóò fi lọ.

Nígbà tí Olúọdẹ rí i pé ọ̀fun òun ń gbẹ, ó ṣe ohun tí ọlọ́gbọ́n ń ṣe. Ó jókòó níwájú ẹ̀rọ ayárabíàṣá kan, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní kọ̀mpútà, tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun nígbà tí púpọ̀ nínú yín ṣì ń rákò, ó sì sun ìrèmọ̀jé náà sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wí fún wa pé, “Bí mo bá kú, ẹ má wá akéwì kankan. Ẹ tẹ àpótí yìí. Èmi fúnra mi ni n ó sin ara mi.” Lẹ́yìn èyí ni ó fi aṣọ àrán bo ẹ̀rọ náà, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, nítorí pé ohun tí a bá bọ̀wọ̀ fún ni a ń daṣọ bò.

Olúọdẹ kú. A dá ọjọ́ ìṣípà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ ni àwa ọdẹ pé sí pálọ̀ náà láti dán ẹ̀rọ wò. A ká aṣọ àrán. A tẹ bọ́tìnnì. Ojú pupa kan là níwájú àpótí, abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń kùn bí agbọ́n, inú wa sì dùn. Lẹ́yìn náà ni àpótí náà ké lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́, ojú gíláàsì rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. A pa á, a tún un tẹ̀. Ó tún ké lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún dákẹ́.

Ọdẹ́kúnlé tí ó jókòó sí ìdí òpó yẹn, tí ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ni ó kọ́kọ́ mú ìmọ̀ràn wá. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí a gbá a létí. Rédíò mi kì í sọ̀rọ̀ àfi bí mo bá gbá a létí.” A gbá a létí. Ó ké lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹlòmíràn ní kí a bu ọtí wọ́n ọn lórí. Mo di ìgò mú. A ránṣẹ́ pe alátùn-únṣe ẹ̀rọ láti ìlú kejì. Ó yí i ká, ó mi orí, ó ní irú rẹ̀ ti gbó, ó ní kí a sọ ọ́ nù kí a ra tuntun.

Ìyá Àwẹ̀ró, aya Olúọdẹ, jókòó sórí ẹní rẹ̀ ní igun pálọ̀, irun rẹ̀ tú sílẹ̀ bí ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ó wo alátùn-únṣe náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, “Èmi náà ti gbó. Ta ni yóò ra tuntun mi?”

Ọkùnrin náà kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Nígbà náà ni Ìyá Àwẹ̀ró kọjú sí mi. “Ọdẹ́tọ́lá, ọkọ mi,” ni ó wí, “láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé yìí ni o ti ń sọ fún mi pé o máa ń wọ ihò tí ejò pàápàá kọ̀. Ọbẹ̀ mi ni mo fi ń ra ìtàn náà gbọ́ láìmọye ìgbà. Ihò nìyí.”

“Ìyàwó wa,” ni mo dá a lóhùn, “ìwọ ṣáà máa gbé ọbẹ̀ kaná.”

Mo gbé ìbọn mi kọ́ èjìká, mo fi ọ̀bẹ sí ìbàdí, mo bu gúgúrú sí àpò. Mo sọ fún àwọn ọdẹ pé kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì, kí wọ́n má sì pa á, nítorí pé ẹni tí ó bá wọ ilé tí gbogbo ará ilé ti sùn kò ní rí ẹni tí yóò bi ní ìbéèrè. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ kan tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tí ń sọ ènìyàn di kékeré bí èèrà. N kò ní sọ ọ́ níhìn-ín, nítorí pé àwọn kan wà láàrin yín tí wọn yóò fi wọ ìkòkò ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ wà ní ẹ̀yìn àpótí, iwin kan sì ni ó ń ṣọ́ ọ. Apá ni gbogbo ara rẹ̀. Kò lórí, kò lẹ́sẹ̀, ó sì ń yí láìsinmi, bẹ́ẹ̀ ni ìjì ń jáde lára rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Alápá-Ìjì. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí n kọjá àfi bí mo bá dáhùn ìbéèrè òun. Ó ní, “Kí ni ó ń sáré láti àárọ̀ tí kò tíì kúrò níbi tí ó wà?”

Mo ní, “Ìwọ náà ni.”

Ó tún yí lẹ́ẹ̀kan. “Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ sí mi lójú báyìí rí,” ni ó wí. “Máa kọjá.”

Ibi tí mo jáde sí ni Igbó Eruku. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ ti rí ẹgàn, ẹ kò tíì rí nǹkan kan. Eruku hù níbẹ̀, ó ga ju eèsún lọ, ó rọ̀ bí òwú, bí mo bá sì gbé ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ náà yóò rì dé orúnkún. Àwọn àjàrà pupa, àjàrà dúdú àti àjàrà aláwọ̀ ìyeyè ta kọjá lókè orí mi, wọ́n nípọn bí ọwọ́ erin. Mo gun òkè kan, mo sọ̀kalẹ̀ ní apá kejì, kí n tó mọ̀ pé òkú ọmọńlé ni mo ń gùn, tí ó wọlé wá yá iná nígbà kan tí iná sì yá a pa. Aṣọ àrán tí a fi bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rọ náà ni kò jẹ́ kí ó rí èémí mí. Òun ni ó sọ inú rẹ̀ di aginjù. Ọ̀wọ̀ tí ó bá pọ̀ jù a máa di ìnira.

Ìdí tí àjàrà gbogbo ti ń hù ni mo tọ̀ lọ. Bí ebi bá ń pa ilé, ìdáná ni a ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nítorí náà ni mo ṣe kọ́kọ́ fura sí Baálẹ̀ Iná, tí ń bu iná fún gbogbo ìlú inú àpótí náà. Mo bá a nínú ilé irin rẹ̀, ó sanra, ó wúwo, ara rẹ̀ gbóná. Iná ńlá tí ó ń wọlé láti ara ògiri pálọ̀ ni ó ń gé sí wẹ́wẹ́, tí ó sì ń fi àjàrà pín in kiri.

Mo ní, “Baálẹ̀, a gbọ́ pé ebi ń pa ìlú.”

Ó ní, “Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀? Wá tọ́ ọ wò.”

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àjàrà pupa. Ó gbọ̀n mí dé ìgbọ̀nwọ́. Mo kan ti ìyeyè. Ó gbọ̀n mí dé èjìká. Mo kan ti dúdú; kò gbọ̀n mí rárá.

“Kí ni ti dúdú yìí?” ni mo bi í.

“Ọ̀nà tí iná ń gbà padà sílé ni. Ṣé ẹ̀yin kì í padà sílé ni?”

Mo rí i pé oúnjẹ kò wọ́n ní ìlú náà. Mo yọ Baálẹ̀ Iná kúrò nínú ẹjọ́. Ẹ fi etí sí èyí, ẹ̀yin tí ẹ ń pe ara yín ní ọdẹ: ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Ibi tí ẹsẹ̀ ẹran kan bá pin sí ni kí a ti tọ òmíràn.

Ní ẹ̀bá ọ̀nà ni mo ti rí bàbá arúgbó kan tí ó jókòó lórí ẹní fàdákà róbótó. Ẹní náà ni bátìrì tí ó ń mú kí ó wà lójúfò nígbà tí gbogbo ìlú bá sùn, kí ó lè máa ka ọjọ́. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ tipẹ́.

“Ẹ kú ọdún tuntun,” ni ó wí.

Mo ní, “Bàbá, a wà láàrin òjò. Iṣu tuntun ti jáde.”

“Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀. Ní ọ̀dọ̀ tèmi, àná ni ayé bẹ̀rẹ̀.”

“Ṣé ẹ̀yin ni ẹ kò jẹ́ kí ìlú jí?”

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ẹní rẹ̀ mì. “Ìlú tí kò bá mọ ọjọ́ kò ní kí ó má jí, ọmọ mi. Yóò kàn jí ni, yóò máa kí àwọn ènìyàn ní ìkíkúkí. Lọ bi Aṣèrò.” Bí mo ti yí ẹ̀yìn padà, mo gbọ́ tí ó ń wí fún ara rẹ̀ pé, “Ẹ kú ọdún tuntun.”

Aṣèrò ni ọba wọn. Òun ni ó ń ṣe ìṣirò gbogbo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí, kò sì sí ẹ̀dá tí ó yára tó o. Kí o tó sọ pé méjì, ó ti ka gbogbo ewé tí ó wà nínú igbó. Mo bá a lórí ìtẹ́ pẹlẹbẹ kan, abẹ̀bẹ̀ ń fẹ́ ẹ lórí, ara rẹ̀ ń jó fòfò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ṣófo. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Kábíyèsí, ẹ̀yin ni mo ń fura sí báyìí.”

“Gbogbo ènìyàn ni ó ń fura sí mi,” ni ó wí. “Orí mi pé. Mo jí, mo ka iye ìka mi, wọ́n pé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ronú gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò máa gbé èrò rẹ̀ lé. Ìbejì kan ni ó ń bá mi gbé àwo dání. Ohun tí mo bá rò ni mo ń kó lé wọn lọ́wọ́. Mo pè wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ mi, ó sì tún dákẹ́. Èkejì kò jẹ́ mi rárá. N kò lè gbé èrò lé ilẹ̀, yóò dọ̀tí.”

“Kí ni ó ṣe wọ́n?”

“Akéde mi ni kí o bi. Nígbàkígbà tí a bá jí ni ó ń kéde rẹ̀. Òun nìkan ni ó lè sọ̀rọ̀ nígbà tí gbogbo wa bá yadi.”

Akéde náà dúró ní ìta ààfin. Ó dúdú, ó rí róbótó, ihò kan ṣoṣo ni ó wà lórí rẹ̀, ihò náà sì ni ẹnu rẹ̀. Bí mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ké lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wí fún un pé, “Àwa tí a wà lóde ń gbọ́ ọ. Kí ni o ń wí?”

“Ọ̀rọ̀ kan ni mo ní,” ni ó wí. “Iye ìgbà tí mo bá sọ ọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, àlàáfíà ni. Bí mo bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ lọ sí ilé àwọn tí wọ́n sùn nínú ikùn kan náà.”

“Kí ni ó ṣẹlẹ̀ nílé wọn?”

Akéde rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Bàbá, ẹ dàgbà. Ṣé bí a ti ń tú irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ nìyẹn, ní gbangba, kí ará ilé tó gbà? Èmi ti júwe ilé. Ẹ lọ wò ó.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í wí pé ọ̀kan nínú ìbejì kú. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, a ó ní ó re ọjà. Àṣà tí ó dára ni, mo sì ti tẹ̀ lé e láti kékeré; ṣùgbọ́n n kò mọ̀ títí di ọjọ́ náà pé odindi ìlú lè dùbúlẹ̀ tì í.

Ilé ìbejì náà jẹ́ yàrá tóóró méjì tí wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Àwọn méjèèjì tí ń gbé inú rẹ̀ ga, wọ́n pẹlẹbẹ bí pákó, wúrà sì ni ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Yàrá ti Táyé ni a kọ́kọ́ ń kàn. A gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá kí a tó dé ti Kẹ́hìndé. Mo kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, mo kágò.

“Ẹ káàbọ̀, bàbá,” ni Kẹ́hìndé wí láti yàrá inú. “Ẹ má bínú pé n kò jáde. A kì í fi ilé sílẹ̀ lófìfo.”

“Kẹ́hìndé, ẹ kúulé. Táyé ńkọ́?”

“Ó re ọjà.”

“Ọjà wo?”

“Ọjà kan tí ó jìn díẹ̀.”

“Kí ni ó lọ rà?”

“Iyọ̀.”

“Ó ti pẹ́ tó ti lọ?”

“Ẹ ti mọ bí ọjà ti rí. Ó lè pàdé ọ̀rẹ́.”

Mo wo yàrá ìta. Táyé kò re ọjà kankan. Ó dúró níbẹ̀ gbagidi, àyà rẹ̀ dúdú níbi tí iná gbà kọjá, ẹsẹ̀ wúrà rẹ̀ sì ti di èédú. Àwo rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹni tí ó bá dàgbà, tí kò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́, irun orí rẹ̀ ni ó kàn funfun. Mo jókòó sí agbede méjì yàrá méjèèjì, mo mú gúgúrú jáde nínú àpò, mo pín in sí ọgbọọgba, mo sì gbé ti Kẹ́hìndé fún un.

“Ti Táyé dà?” ni ó bi mí kíákíá, nítorí pé ohun tí a bá fún ọ̀kan ni a ń fún èkejì.

“Mo ti gbé e síwájú rẹ̀.”

A dúró. Èmi náà kò jẹ tèmi. Iná ń kọjá nínú àjàrà lókè orí wa, ó ń kùn.

“Kò jẹ ẹ́,” ni Kẹ́hìndé wí.

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Kò jẹ ẹ́.”

“Ó fẹ́ràn gúgúrú.”

“Mo gbọ́.”

Ohùn rẹ̀ yí padà. “Iná lọ ní ọjọ́ kan. Nígbà tí ó padà dé, ìbínú ni ó bá wọlé. A gbọ́ tí ó ń gbá ilẹ̀kùn. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, bàbá. Èmi ni mo jókòó sẹ́yìn tí mo rán an wá sí ayé pé kí ó lọ tọ́ ọ wò bóyá ó dùn. Ní ọjọ́ náà pẹ̀lú, mo rán an. Mo ní kí ó lọ wo ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn.”

“Ẹ̀gbọ́n ní í máa rán àbúrò níṣẹ́,” ni mo wí. “Kò sí ibi tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Bí ọba bá pè wá, n ó jẹ́, n ó sì dúró kí ó jẹ́ tirẹ̀. Bí mo bá ṣiṣẹ́ lọ láìdúró dè é, ó túmọ̀ sí pé mo ti gbà.”

Mo wá sọ tèmi fún un. Mo ní, “Kẹ́hìndé, olórí wa kan wà ní ìkóríta. Orin tí yóò mú un kọjá wà nínú ìlú yín. Aya rẹ̀ jókòó sórí ẹní pẹ̀lú irun títú, ó ń dúró dè é bí o ti ń dúró de Táyé. Tìrẹ kò ní dé mọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún ni pé kí o jẹ́ kí tiwa lọ.”

Ó ronú sí i. Ó ní, “Bí ẹ bá gbé Táyé kúrò, kò ní ràn yín lọ́wọ́. Yàrá rẹ̀ ni iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ mi, iná kì í sì í la yàrá òfìfo kọjá ní ilé yìí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀.”

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ sọ ohun tí ẹ̀ bá ṣe. Ó dára, ẹ dákẹ́. Ohun tí àwọn baba wa ń ṣe ni mo ṣe. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá re ọjà, a ń gbẹ́ ère dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí igi ní ilẹ̀ náà, àfi eruku, irin àti àjàrà. Igi kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ ni ìdí ìbọn mi, tí bàbá mi fi igi apá gbẹ́, tí ó ti gba èjìká mi láti ìgbà èwe mi. Mo wò ó. Mo yọ ọ̀bẹ.

Mo gbẹ́ orí, mo gbẹ́ ọrùn, mo gbẹ́ àyà pẹlẹbẹ bí ti àwọn ará ilé náà. Mo ya okùn bàbà tín-ín-rín lára àjàrà kan tí ó ti kú, mo tẹ́ ẹ láti ẹsẹ̀ kan dé ẹsẹ̀ kejì kí iná lè rí ọ̀nà gbà. Kí n sòótọ́, ère náà dára. Àwọn agbẹ́gilére wà ní ìlú yìí tí ojú yóò tì bí wọ́n bá rí i.

Kẹ́hìndé wò ó. “Imú rẹ̀ kò tóbi tó báyìí,” ni ó wí.

“Ọdẹ ni mí.”

“Mo kàn ń sọ ni.”

Mo padà tọ Baálẹ̀ Iná lọ, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó sé iná fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé a kì í gbé òkú jáde níbi tí iná ti ń jó. Ó sé e. Gbogbo ìlú ṣókùnkùn, ó sì dákẹ́. Mo bọ́ gbérí, ẹ̀wù ọdẹ tí ó wà lọ́rùn mi, mo fi wé Táyé, mo rọra mì í síhìn-ín, mo mì í sọ́hùn-ún, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi tú nílẹ̀, mo sì pọ̀n ọ́n. Mo gbé ère dúró sí ipò rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí mo fi gbọ́ tí ó wọlé ṣinṣin. Mo bu gúgúrú síwájú rẹ̀. Nígbà náà ni mo gbọ́ nínú òkùnkùn tí Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

Baálẹ̀ tú iná sílẹ̀. Aṣèrò kígbe pe ìbejì láti orí ìtẹ́. Kẹ́hìndé jẹ́ ẹ. Ère kò jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n iná gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, Aṣèrò sì ní, “Ó tó. A kì í bi ère ní ìbéèrè púpọ̀.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lé Kẹ́hìndé lọ́wọ́. Akéde ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo gbọ́ tí àwo ńlá tí ń pa ohùn mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ní òpin ìlú bí ọlọ, ìmọ́lẹ̀ sì tàn sí ojú ọ̀run ibẹ̀. Ní ẹ̀bá ọ̀nà, bàbá arúgbó náà kí gbogbo wọn kú ọdún tuntun. Alápá-Ìjì fẹ́ mi síta.

Bí mo ti ga dé ìwọ̀n mi ní pálọ̀, ojú gíláàsì ti funfun báláú, àwọn ọdẹ sì dúró yí i ká. Ìyá Àwẹ̀ró wo ìbọn mi tí kò nídìí mọ́. Ó wo ohun tí mo pọ̀n. Ó ní, “Ọbẹ̀ wà lórí iná.”

Kí ni o wí, Ọdẹ́kúnlé? Dìde kí gbogbo wọn gbọ́ ọ.

“Mo ní, bàbá, ṣé kì í ṣe pé ẹ tú ìdérí àpótí náà ni, tí ẹ yọ pákó tí ó jóná, tí ẹ sì fi pátákó kan dí àyè rẹ̀?”

Jókòó. Ìwọ tí o gbá a létí.

Ní ọjọ́ kejì a gbé àpótí náà lọ sí abẹ́ igi tí àwa ọdẹ máa ń pé sí, a fi jẹnẹrétọ̀ fún un ní iná. Ẹrù ọdẹ Olúọdẹ wà nílẹ̀, àpò rẹ̀, fìlà rẹ̀ àti ìbọn rẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró jókòó láàrin àwọn obìnrin. A tẹ orúkọ orin náà. Ohun tí ó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe orin. Ikọ́ ni. Olúọdẹ wúkọ́, ó tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe, ó sì wí láti inú àpótí náà, bí ó ti máa ń wí fún aya rẹ̀ ní ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ pé, “Àwẹ̀ró, fún mi lómi.”

Ìyá Àwẹ̀ró ti dìde kí ẹnikẹ́ni tó lè dì í mú. Ó wọlé, ó bu omi sínú ife, ó gbé e wá, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé e síwájú àpótí. Lẹ́yìn náà ni ó wá mọ ohun tí ó ṣe. Ó dúró lórí ìkúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà náà ni Olúọdẹ bẹ̀rẹ̀ ìrèmọ̀jé rẹ̀, ó sì sun ún láti orí baba ńlá wọn dé orí ara rẹ̀, láìṣì í sọ níbì kan.

Nígbà tí ó parí, àwọn ọdẹ yìnbọn sí òkè. Tèmi kò dún. Mo gbé e dání lásán. Ìyá Àwẹ̀ró gbé ife náà, ó wo inú rẹ̀. Àwọn kan ní omi náà dín. Èmi kò wọ̀n ọ́n. Ó da èyí tí ó kù sí ìdí igi, ó ní, “Ó ti mu ún. Ó ti lọ.” Ó sì ránṣẹ́ pe onídìrí.

Ibi tí ìrìn mi pin sí nìyí, ẹsẹ̀ mi sì ti wà nínú ilé. Ẹ dìde, kí ẹ gbọn eruku ìdí yín. Bí ẹ bá sì délé, kí ẹ ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ yín. Ní ti Táyé, mo sin ín sí ìdí ọ̀pẹ tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé mi. Bí ẹ bá ń kọjá lọ, tí ẹnikẹ́ni sì bi yín léèrè rẹ̀, ẹ ní ó re ọjà.